Ẹ Pa Ẹ́ńjìnnì Yín

Ọmọ náà kò tíì lè ju oṣù mẹ́rin lọ. Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń sùn, orí rẹ̀ sì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ ìborùn. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ọ̀kadà, àpò ẹ̀fọ́ kan wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Ọlọ́kadà ṣí ìdérí táǹkì tó wà láàárín itan rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ta epo ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó kún, ọlọ́kadà di ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ mú, ó ń mì í sọ́tùn-ún sósì kí epo lè rọlẹ̀, kí àyè lè wà fún díẹ̀ sí i. Epo ta jáde. Ó ṣàn gba ara táǹkì wálẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná láti ojú ọ̀nà. Mo gbọ́ bó ṣe dún: ṣìì. Èéfín funfun díẹ̀ sì rú sókè lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá ọmọ náà.

Àwa tí a wà níbẹ̀ kò dín ní ogún. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo pariwo. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi kòrókòró, bẹ́ẹ̀ orí tó wọ́ ni ìṣòro tó kéré jù lára rẹ̀. Mo ní, “Pa á! Pa ọ̀kadà yẹn!” Ọlọ́kadà wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é.”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá síbí. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kò lè pa wá? Ẹ ń bẹ̀rù olè, ẹ ń ti ilẹ̀kùn mẹ́ta mọ́ra. Ẹ ń bẹ̀rù ayé, ẹ ò jẹ́ jẹ oúnjẹ ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù, ẹ̀ ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ ń rọ ọ́ sínú ike omi, ẹ̀ ń fi fọ ọwọ́ tí gírísì bá yí i, ẹ sì ń jókòó lé e lórí nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, tẹ̀yin tọmọ yín. Ojú ti mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi sọ ọ́ di omi.

Kì í ṣe omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ fún yín, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n, àìmọ̀ yẹn ló sì ń kì yín láyà. Epo tí ẹ ń rí kọ́ ló ń gbaná. Èémí rẹ̀ ni. Bí bẹntiróòlù bá ti kan afẹ́fẹ́, ó ti ń mí nìyẹn, kò sì dúró de oòrùn kó tó mí. Nínú fírísà tí ẹ ń kó ẹja sí, tí ó ń tutù dé ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo, bẹntiróòlù ṣì ń mí tó èyí tí iná lè gbá mú. Àfi bí òtútù bá sún mọ́ ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo kó tó dákẹ́. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Ẹ wá fojú inú wo ilé epo ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí kọnkéré ilẹ̀ ń jó ni lẹ́sẹ̀ gba inú bàtà.

Èémí yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po 3. Kì í gòkè bí èéfín iná igi. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lé bí ejò, ó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀, sínú gọ́tà, títí dé ìdí ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá bá iná pàdé níbẹ̀, iná á tọ ipa ọ̀nà kan náà padà síbi tí epo wà, kíá bí ìṣẹ́jú ojú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí iná jó pé, “Mo jìnnà sí epo náà o.” Òótọ́ ni, ó jìnnà sí epo. Kò jìnnà sí èémí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó ń dún ní tirẹ̀, iná ló gbé sínú. Wáyà pọ́lọ́ọ̀gì tó ti bó ń ta iná lára irin. Sàlẹ́ńsà ti gbóná débi pé bí ewé gbígbẹ bá kàn án, yóò jó. Ẹ wá gbé èyí dúró sójú ibi tí èémí epo ti ń tú jáde, ẹ ní ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ṣe é.

Mo ti gbọ́ gbogbo àwáwí tán. Onídáńfó á ní, “Bàbá, bátìrì mi ti kú, bí mo bá pa á kò ní ta mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa bú mi.” Ó kó èrò 14 sínú, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sì rèé, okùn ló fi so ó, ẹni kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá sọ, ta ló fẹ́ kọ́kọ́ jáde nínú wọn? Nítorí owó bátìrì ni o ṣe fi èèyàn 14 dúró de iná. Bí bátìrì rẹ bá kú, ní kí àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣeré lẹ́bàá ibẹ̀ bá ọ tì í kúrò nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí o bá ra epo tán, kí o tó ta á. Ẹ̀yin èrò inú ọkọ̀ náà, ẹnu yín dà? Bí kọ̀ńdọ́ ò bá fún yín ní ṣéńjì 50 náírà, ẹ ó pariwo dé òpin ìrìn àjò. Ẹ rí i pé ó ń ra epo láì pa ọkọ̀, ẹ ń wo fóònù.

Olówó inú ọkọ̀ ńlá, ìwọ náà kò yọ. Tìrẹ ni pé o kò fẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù kú, kí ara rẹ má baà làágùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. O jókòó sínú ọkọ̀, o ti gíláàsì mọ́ra, o kàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ láti na owó sí ọmọ tó ń rọ epo. Nígbà tí họ́ọ̀sì bá dún “ká”, tó dá ara rẹ̀ dúró nítorí táǹkì ti kún, o ní kó fi kún un kó pé 30,000 náírà géérégé. Họ́ọ̀sì ti sọ fún ọ pé ó tó. Epo a máa wú bí oòrùn bá mú un. Àyè tí a fi sílẹ̀ lókè táǹkì, fún wíwú yẹn ni. O fi epo dí i pa nítorí kí owó lè pé. O wá lọ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, epo ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí.

Mo ní ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí èyí. Àbúrò mi tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù ńlá kan ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, NEPA mú iná lọ, gbogbo àdúgbò kó sí pálọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé sì ń gbé wọn. Epo inú rẹ̀ fẹ́ tán. Àwọn èèyàn ní kó má pa á, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ti wọ àkókò tó dùn jù. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, ó dúró lé jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé òun kò rí iná kó bẹ̀rẹ̀. Epo tó ń dà náà ló kàn di iná láàárín òfuurufú, tó ń gùn ún bọ̀ lọ́wọ́ bí ẹranko. Ó ju kẹ́ẹ̀gì nù. Ibi tó jù ú sí ni ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ló lò lórí ibùsùn. Awọ itan rẹ̀ ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì là mọ́. Títí di òní, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù, bí a bá sì lọ sí òde ìnáwó, èmi ni mo ń bá a bu omi wẹ ọwọ́. Kò sí ẹni tó rántí bí bọ́ọ̀lù náà ṣe parí. Bó bá pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kó tutù, kó tó ṣí ìdérí rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ì bá ná an.

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì wá kàn. Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, kò sí ilé tí ẹ ó dé báyìí tí kẹ́ẹ̀gì kò sí ní kọ̀rọ̀ kan. Ẹ ń rà á pamọ́ de ọ̀wọ́n. Èmi náà ti ṣe é rí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín: lọ́dún kan tí epo wọ́n, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sínú búùtù, mo ní kí wọ́n rọ epo sí wọn níbẹ̀ láì sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mo sì kó ọmọ mi mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń sọ pé orí ń fọ́ wọn, mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Bí mo bá rántí ọ̀nà yẹn lóru, oorun a dá lójú mi. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe irú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, kí irin ẹnu họ́ọ̀sì sì máa kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì ní gbogbo ìgbà tí epo bá ń wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ṣé ẹ mọ̀ bí ẹ̀wù ọ̀rá ṣe máa ń ta pá-pá-pá nígbà ọyẹ́ bí ẹ bá ń bọ́ ọ lóru, tí ẹ sì ń rí iná wínníwínní nínú òkùnkùn? Iná yẹn gan-an ni epo tó ń sáré gba inú họ́ọ̀sì ń kó jọ sára ike. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà nílẹ̀, iná náà á rí ọ̀nà wọlẹ̀. Bó bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, kò rí ibi lọ. Ó ń dúró de irin tó máa fò mọ́, ẹnu kẹ́ẹ̀gì tí èémí ti ń tú jáde ni irin sì wà. Ara èèyàn náà ń kó o jọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè, ní London àti Houston, tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín rọ epo nígbà òtútù: bí ẹ bá ti ki họ́ọ̀sì bọ ọkọ̀, ẹ má padà wọlé lọ jókòó. Ara yín tó ń ra mọ́ àga ló ń kó iná yẹn jọ, ọwọ́ yín ló sì máa gbé e padà wá sẹ́nu táǹkì. Bí ẹ bá ti wọlé ṣáá, ẹ fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn ọkọ̀, níbi tó jìnnà sí ẹnu táǹkì, kí ẹ tó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì.

Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Kétu, ní Sábẹ, ní Àjàṣẹ́, mọ èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, epo tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè lọ láti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń fi ìgò tà lẹ́bàá títì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ jọ sí ní Sèmè-Podji gbaná. Kò dín ní èèyàn 34 tó kú. Ọmọdé wà nínú wọn.

N kò ní pẹ́ lórí epo tí táńkà tàbí páìpù bá dà sílẹ̀, nítorí bí ẹni tó ń gbọ́ kò bá gbọ́ lẹ́yìn iná tó sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní 2006, lẹ́yìn Majiya ní Jigawa ní 2024, lẹ́yìn Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù kìíní 2025, ohun tí mo bá kọ síbí kò ní wọ̀ ọ́ létí. Ẹ rí epo nílẹ̀, ẹ sá. Ẹ má gbé garawa.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé epo, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, tiyín ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ ọlọ́kadà yẹn, mo lọ wo garawa pupa mẹ́rin tí wọ́n gbé kọ́ sára òpó. Iyẹ̀pẹ̀ ló yẹ kó wà nínú wọn, nítorí omi kì í pa iná bẹntiróòlù, orí omi lepo ń léfòó sí, yóò sì gbé iná kiri. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún un. Nínú ìkejì, iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ tó ìdajì, òjò ti rọ̀ sí i, ó ti le bí bíríkì, kóríko sì ti hù lórí rẹ̀. Ìkẹta kò ní ìdí. Nínú ìkẹrin ni mo ti rí òkú sìgá méjì. Sìgá! Nínú garawa tí a fi ń pa iná, nílé epo!

Ọmọbìnrin tí ẹ gbé sídìí ẹ̀rọ kò lè ju ogún ọdún lọ. Sílípáàsì ló wọ̀. Mo bi í pé bí iná bá sọ lẹ́nu táǹkì nígbà tí họ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Ó ní òun á fa họ́ọ̀sì yọ. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n iná káàkiri, torí pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọmọ mi, fi họ́ọ̀sì sílẹ̀ níbi tó wà. Tú ọwọ́ rẹ lára rẹ̀, sá sẹ́yìn, lọ tẹ bọ́tìnì tó ń dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, kí o sì pariwo kí gbogbo èèyàn kúrò. Mo ní kó fi bọ́tìnì náà hàn mí. Kò mọ ibi tó wà. Ọ̀gá rẹ̀ tó jáde wá láti inú ọ́fíìsì ló nà án sí mi, ẹ̀yìn káálẹ́ńdà kan ló wà.

Ẹ tún wá lẹ àwòrán fóònù tí a fi ìlà pupa dá mọ́ ara ẹ̀rọ, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Lábẹ́ àwòrán yẹn ni ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí, kí oníbàárà máa ṣe tíránsífà, kí ó sì máa fi áláàtì han ọmọ tó ń rọ epo. Èwo ni kí èèyàn gbọ́ nínú méjèèjì? Òótọ́ ni pé iná láti ara fóònù kò wọ́pọ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ohun tí fóònù ń ṣe tí mo fi ojú mi rí ni pé ó ń gba ojú. Ọmọ ń wo áláàtì, epo ń dà sílẹ̀. Ẹ gbé ibi ìsanwó jìnnà sídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ́ ilé kékeré kan sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ sanwó rìn lọ síbẹ̀. Bí táńkà bá sì ń já epo sínú kòtò yín, ẹ ti géètì. Ẹ má tà títí yóò fi já a tán, kódà bí ìlà àwọn tó fẹ́ rà á bá dé ìlú kejì. Ẹ bá ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ wá ibòmíràn tó jìnnà fún un, torí òun náà ní ọmọ tó ń bọ́.

Ọmọbìnrin yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ọlọ́kadà ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níkẹyìn, tí ìyá ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀, tó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé. Bí èmi bá ní kí wọ́n pa á, wọ́n á ní ṣé èmi ni mo ra ọ̀kadà fún wọn ni. Ẹnì kan ti gbá mi létí rí. Ọ̀gá wa sì ní oníbàárà kì í jẹ̀bi.”

Oníbàárà jẹ̀bi. Ẹni tó gbá ọmọ létí nítorí pé ó ní kó má dáná sun ara rẹ̀, ó jẹ̀bi. Ọ̀gá tó gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ náà jẹ̀bi jù ú lọ. Mo sọ ọ́ fún un lójú níbẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lójú mi pé láti òní lọ, ẹni tí kò bá pa ẹ́ńjìnnì, tí kò sì sọ èrò rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má tà fún un.

Mo ti kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo tún ń lọ síbẹ̀ ra epo. Garawa mẹ́rin yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ wò.